Ìwé Tó Gun Erin ní Ekenwan Road

Ọjọ́ tí ejò wọ ọgbà ọ̀gá mi ní GRA, orí ọkọ̀ ni wọ́n ti bá mi. Mi ò sọ pé inú ọkọ̀ o, orí rẹ̀ ni mo wí. Bí mo ṣe dé ibẹ̀, èmi náà ò lè sọ, nítorí ẹni tó sanra tó mi, tí orúnkún ń dùn, kò yẹ kó lè fò bí ológbò. Ọkùnrin tó máa ń bá wa gé koríko ti yọ àdá. Èmi náà ń pariwo láti òkè pé, "Gé e! Gé e lórí!" bí ẹni pé èmi ni ọ̀gágun. Ibẹ̀ ni bàbá ọ̀gá mi ti yọ láti ẹ̀yìn ilé, aṣọ funfun lára, ọ̀pá lọ́wọ́, ó sì dúró sí àárín àdá àti ejò.

"Má pa á," ó wí. "Ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ń wá."

Ẹni tó mú àdá wò mí, èmi náà wò ó. Àwa méjèèjì gbà láìsọ̀rọ̀ pé nǹkan ti ṣe orí bàbá. Ejò ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó yọ́ gba ẹsẹ̀ ògiri lọ. Bàbá wá gbójú sókè.

"Dírẹ́bà, ejò ti lọ. Ìwọ náà lè máa bọ̀ nílẹ̀."

Ará Íńdíà ni ọ̀gá mi. Oògùn ló ń tà, èmi ni mo sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo tọ́ sẹ́kọ́ńdírì wò díẹ̀ kí owó tó tán, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ tó èyí tí a fi ń wa ọkọ̀, kò tó èyí tí a fi ń jiyàn. Nígbà tí ìyá ọ̀gá mi kú, ó mú bàbá rẹ̀ wá sí Benin kó má baà dá wà lọ́hùn-ún. Àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù ni. Tíṣà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Èdè kan tí wọ́n ń pè ní Pírákíríìtì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn, èdè àtijọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà tí kò sí ìyá tó ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún mọ́. Ẹ̀sìn Jéènì ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀sìn tí kì í gbà kí ènìyàn pa ohunkóhun tó ní ẹ̀mí. Bí bàbá bá ń rìn, á máa wo ilẹ̀ kó má baà tẹ èèrà. Èmi tí mo ti fi táyà tẹ oríṣiríṣi nǹkan lójú ọ̀nà, bí mo bá gbé bàbá, mo máa ń gbàdúrà kí ewúrẹ́ má sáré jáde.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ bá bàbá yìí ṣe ọ̀rẹ́. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi láti ìlú wa, pé kó wá kàwé lọ́dọ̀ mi ní Benin. Èmi àti ìyàwó mi ló tọ́ ọ ní Ekenwan Road, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí bárékè àwọn sójà. Gbogbo Yorùbá tí a bá sọ fún un ló gbọ́. Ṣùgbọ́n kó fi dáhùn, ó tì! Bí mo bá ní, "Lọ bá mi bu omi wá," á dìde kíá, ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ohun tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Uncle, water don finish for drum." Ìyàwó mi á ní, "Ṣé Sapele, ìlú onípijin, ni wọ́n bí ẹ sí ni?" Á rẹ́rìn-ín. Títí ó fi wọ yunifásítì, tí ó ń kọ́ nípa èdè, Pijin ló fi ń dá wa lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé oúnjẹ wá fún mi ní GRA, ó sì bá bàbá lórí àga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń ka nǹkan sókè, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí orin. Ọmọ náà dúró. Oúnjẹ mi ń tutù. Ó lọ bi bàbá pé èdè wo nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ráyè, ọ̀dọ̀ bàbá ló wà, tó ń kọ́ Pírákíríìtì. Ẹ gbọ́ ná: ọmọ tí kò lè kí ìyàwó mi "ẹ kú àárọ̀" kó parí rẹ̀, ó ń kọ́ èdè àwọn tó ti kú tipẹ́!

Ẹ̀rù bà mí. Nígbà èwe mi, fíìmù Íńdíà ni a fi ń ṣọdún, mo sì ti rí ibi tí obìnrin ti di ejò níṣojú mi. Mo rò ó pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe nǹkan. Mo wá sọ ara mi di ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá ti jókòó, mo gbé kànìnkànìn àti omi, mo ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ̀ yẹn mọ́ débi pé ọ̀gá mi fún mi ní ẹ̀bùn Kérésì nítorí rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń fọ ọkọ̀.

Ibi tí mo ti ń fọ ọkọ̀ ni ìtàn ti wọ̀ mí létí, ní Gẹ̀ẹ́sì tíṣà tó rọrùn tí bàbá ń sọ.

Bàbá sọ nípa ọba kan láyé àtijọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo Íńdíà. Ọba náà jagun gba ìlú kan létí òkun. Nígbà tó rí òkú tó sùn lọ bẹẹrẹ, ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó ní kí wọ́n lọ fín ọ̀rọ̀ sára òkúta àti òpó káàkiri ilẹ̀ rẹ̀, pé òun kábàámọ̀ ogun náà, pé kí àwọn ènìyàn ṣàánú ara wọn, kí wọ́n má ṣe bú ẹ̀sìn ara wọn. Èmi ò tíì rí ọ̀gá tó fi ẹnu sọ pé òun ṣì í ṣe, ká má ì tíì sọ pé kó fín in sára òkúta. Ọba náà kò sì lo èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Pírákíríìtì tí àwọn ará ọjà àti ará oko ń sọ ló lò.

Bàbá tún sọ nípa olùkọ́ ńlá ẹ̀sìn tiwọn, ọmọ ọba tó fi ààfin sílẹ̀, tó bọ́ aṣọ olówó iyebíye kúrò lára, tó sì bọ́ èyí tó kù náà. (Mo dáwọ́ ọkọ̀ fífọ̀ dúró níbẹ̀ kí n lè gbọ́ dáadáa.) Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn, ó ní òun ò ní fi èdè tí àwọn àlùfáà ń fi pamọ́ kọ́ wọn. Èdè tí obìnrin tó ń lọ ọkà máa gbọ́ láìbéèrè ló fi wàásù.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo gbé kànìnkànìn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bíi Pijin wa ni èdè yìí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò jìnnà sí i. Ó ní nínú eré orí ìtàgé wọn àtijọ́, àwọn ọba àti àlùfáà máa ń sọ èdè ńlá, àwọn obìnrin àti ìránṣẹ́ máa ń sọ Pírákíríìtì.

"Bí wọ́n bá fi dírẹ́bà sínú eré náà ńkọ́?"

"Irú ìwọ? Pírákíríìtì ni wàá sọ."

Ọkàn mi balẹ̀. Ó kéré tán, mo ti níbi tí mo wà nínú ìtàn náà.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọ̀mọ̀wé kan, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn wọn tó ti kọ ayé sílẹ̀, tó kọ ìwé nípa bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ èdè, tí Pírákíríìtì sì ní ibùjókòó tirẹ̀ nínú ìwé náà. Wọ́n ní inú ọba rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí wọ́n gbé ìwé náà gun erin, kí wọ́n fi yí ìlú ká, kí gbogbo ayé wò ó. Ìwé gírámà lórí erin! Nígbà tí mo wà níléèwé, ẹgba ni gírámà máa ń gùn wá sọ́dọ̀ mi. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, ẹ wá wo àjànàkú tó ru ìwé. Ọmọ wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́ pàtẹ́wọ́, ọṣẹ ló wà lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà jáde yunifásítì tí ọ̀rọ̀ ńlá délẹ̀. Bàbá fẹ́ padà sí Íńdíà pátápátá. Iléèwé tó ti ṣiṣẹ́ rí lọ́hùn-ún gbà láti fún ọmọ wa láàyè, kí ó wá kọ́ Pírákíríìtì débi tí ẹ̀kọ́ bá parí sí, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á fún un níbùsùn. Bàbá ló máa dúró fún un. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí àwọn òbí rẹ̀ gbà.

Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago. Mo rò pé á pariwo, á sì gba ẹrù náà lórí mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ìwọ lo mọ bàbá yẹn. Ohun tí o bá sọ, òun ni mo sọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá sọnù, ọwọ́ rẹ ni màá ti béèrè rẹ̀." Ó gé fóònù. Èmi jókòó pẹ̀lú fóònù létí bí ẹni tó ṣì ń gbọ́ nǹkan.

Ó kàn mí o! Bí mo bá ní rárá, ẹ̀rù mi á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí nǹkan ṣe é, ojú wo ni màá fi wo ẹ̀gbọ́n mi? Mo tún ti gbọ́ pé àwọn obìnrin ẹ̀sìn wọn tó bá kọ ayé sílẹ̀, wọ́n máa ń fi ọwọ́ tu irun orí wọn dànù. Mi ò sùn dáadáa mọ́.

Bàbá ní òun á wá sílé wa fúnra òun láti wá tọrọ ọmọ náà. Èyí wú mi lórí. Bàbá ọ̀gá mi, ní Ekenwan Road, nínú yàrá wa! Ìyàwó mi, tó ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì lọ́jà Oliha, ti ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bàbá kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja. Ó bá mi jà lórí ẹ̀. "Ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran fún àlejò? Ṣé kí wọ́n lè máa sọ ní GRA pé a ò jẹun kánú ni?" Ó gbà níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ó fi bínú gún iyán tó funfun bí òwú, pé bí ọbẹ̀ bá tì, iyán ò ní tì.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá dé. A gbé iyán síwájú rẹ̀. Ó wo iyán, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó dúpẹ́, kò sì fọwọ́ kàn án.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé Yorùbá. Ẹni tí kò jẹ oúnjẹ rẹ, ó ń bẹ̀rù rẹ ni, àbí ó ní ohun tó fi pamọ́ sínú. Bàbá tó bí mi kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́nu gbígbẹ rí. Ẹni tó bá wá tọrọ nǹkan ńlá, á kọ́kọ́ jẹun, lẹ́yìn náà la ó gbọ́ ohun tó gbé e wá. Mo ronú pé bàbá rò pé a ti fi nǹkan sí i. Ni mo bá fọwọ́, mo bu òkèlè ńlá nínú abọ́ rẹ̀, mo gbé e mì, mo sì ya ẹnu kó rí i pé ó ti lọ. Bàbá wò mí. Mo tún bu òmíràn, bóyá kò rí ti àkọ́kọ́.

"Ọ́ńkù," ọmọ wa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "no be poison. Na the yam. Wetin dey grow for under ground, dem no dey chop am."

"Iṣu?" ìyàwó mi kígbe. "Iṣu ṣẹ ẹnì kan rí?"

Bàbá ṣàlàyé pé bí a bá hú gbòǹgbò, a ti pa irúgbìn náà pátá, pẹ̀lú àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé ara rẹ̀. Nítorí náà iṣu tì, àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ náà tì. Ó ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu, bí oòrùn bá ti wọ̀, òun kì í jẹun mọ́, ó sì ti ń wọ̀.

Mo wo òde. Oòrùn ti wà lókè àwọn igi máńgòrò tó wà ní bárékè. Bàbá máa wọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ kejì. Bí kò bá jẹun kí oòrùn tó wọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ nìyẹn, nílé tèmi. Ẹni tó ń wá àwáwí nínú mi sì yọ̀ díẹ̀: bóyá oòrùn á bá mi sọ rárá tí èmi ò lè sọ.

Ìyàwó mi kò yọ̀ ní tirẹ̀. "Àlejò ò ní fi ebi kúrò nílé mi! Ọ̀gẹ̀dẹ̀!" Lórí igi ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n wà nílé. Ọmọ wa ti ń bó o kó tó sọ̀rọ̀ tán. Sítóòfù kọ̀, ó ń rú èéfín, wọ́n gbọ̀n ọ́n, ó gbà. Wọ́n fi èmi sẹ́nu ọ̀nà kí n máa ṣọ́ oòrùn.

"Ó ti kan orí máńgòrò!" mo pariwo.

"Òróró ò tíì gbóná!" ìyàwó mi dáhùn.

"Ó ti wọ inú ewé!"

"Ọ́ńkù, ẹ sọ fún un kó ní sùúrù!" ohùn ọmọ wa ti kíṣínì wá.

"Bàbá ni àbí oòrùn?"

"Oòrùn ni o! Bàbá ti ní sùúrù tirẹ̀!"

Ìyàwó mi àti èmi wo ara wa gba ojú ilẹ̀kùn. Ọmọ wa ò mọ̀ pé Yorùbá ló fi dáhùn, òróró ló ń wò. Mo yíjú padà sí oòrùn. Bí ẹyẹ bá bà lé ọ léjìká, o kì í pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbé dòdò dé, ó ń ta òróró pìlàpìlà. Bàbá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó jẹ ẹ́, ó tún jẹ ẹ́, ó ní kò sí irú rẹ̀ ní ilé ọmọ òun. Èyí tó kẹ́yìn ti wọ ẹnu rẹ̀ nígbà tí ìlà pupa oòrùn kan ṣoṣo kù láàárín ẹ̀ka igi. Gbogbo wa mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sáré láti Oliha wá. Bàbá náà ń làágùn.

Kò sí àwáwí mọ́ fún mi. "Bàbá," mo ní, "ṣé ẹ ó tu irun orí rẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Wo tèmi, wọn ò tíì tu ú. Ẹ̀kọ́ ni mo ní kó wá kọ́, mi ò ní kó wá ṣe ẹ̀sìn mi."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Ejò ńkọ́?"

"Ejò ò pọ̀ tó ti GRA. Orí ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ náà."

Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo yí sí ọmọ wa. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo ń wá lọ síbẹ̀?"

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọ́ńkù, ọba kan wà níbẹ̀ tó kó orin kéékèèké jọ, orin àwọn ará abúlé. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò, obìnrin tó ń dáná. Èdè inú ilé ni. The king no laugh am, he keep am. Mo fẹ́ lọ kà á. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Mo fa abọ́ iyán bàbá sún mọ́ra. "Máa lọ," mo ní. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mo jẹ gbogbo iyán bàbá, ẹ̀rù máa ń pa mí lébi.

Nígbà tí bàbá ń lọ, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó sì tẹrí ba fún mi, ó ní bí òun bá ti ṣẹ̀ mí, mọ̀ọ́mọ̀ tàbí àìmọ̀ọ́mọ̀, kí n dárí jì òun. Àṣà ẹ̀sìn wọn ni. Bàbá àgbàlagbà, kó tẹrí ba fún dírẹ́bà! Mo tètè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó má baà di èèwọ̀ sí mi lórí. Ó tún tẹ̀ sí i. Èmi ò ní ibi tí mo lè tẹ̀ sí mọ́, ilẹ̀ ni mo wà.

Ọdún gorí ọdún. Ọmọ náà ń tẹ ìyàwó mi láago lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó mi kì í sì í gba Pijin lórí fóònù, ó ní owó ń jó. A gbọ́ pé bàbá kú, pé ọmọ wa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dáná sun òkú rẹ̀ bí àṣà wọn. Ọ̀gá mi padà sí ìlú wọn, ó sì fi ọkọ̀ àtijọ́ náà ta mí lọ́rẹ, èyí tí mo gun orí rẹ̀ nítorí ejò.

Ọdún Ebólà ni ọmọ wa dé, nígbà tí gbogbo ayé ń sá fún bíbọ ara wọn lọ́wọ́. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Benin. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ kú àtijọ́, Ọ́ńkù mi. Ẹ mà ti dàgbà o." Yorùbá! Ó tilẹ̀ fi ń pè mí ní arúgbó! Irun rẹ̀ pé lórí, mo wò ó dáadáa. Ó wá yọ ìwé kan jáde nínú àpò. Òun ló kọ ọ́, lórí àwọn orin ará abúlé tí ọba yẹn kó jọ. Orúkọ ìdílé wa wà lára èèpo rẹ̀, ó tóbi. Ojú ewé kìíní ni mo kà, mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, orí mi sì wú bí táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ jù.

"Gbé e wá," mo ní. Mo ní kó tú ìborùn rẹ̀ fún mi. Mo gbé ìwé náà sórí ọkọ̀, lórí irin tí a fi ń di ẹrù, mo fi ọ̀rá wé e, mo sì fi ìborùn dè é.

"Ọ́ńkù, kí lẹ ń ṣe? Á já bọ́ o!"

"Wọlé sẹ́yìn. Erin ni mo ń ṣe."

Ó lóye. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá bo ojú, èmi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Mo rọra wa ọkọ̀ gba inú ìlú, mo ń fun fèrè, àwọn ọlọ́kadà ń bú mi. Mi ò dá wọn lóhùn. Erin kì í dáhùn.

Ní Ekenwan Road, ẹ̀bá bárékè, sójà na ọwọ́ dá wa dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: gbogbo ọdún tí mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń pa rédíò, mo máa ń yọ fìlà, mo máa ń kí wọn kí wọ́n tó rí mi.

"Oga, wetin you tie for up?"

"Na book."

"Book? Boot no dey the motor?"

"Boot dey. But this one, na elephant e suppose ride. I no see elephant buy."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ó wo ọmọ wa lẹ́yìn, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ nu ojú.

"Who write am?"

"Na my pikin."

Ó na ọrùn, ó yí ọkọ̀ ká, ó gbìyànjú láti ka èèpo ìwé náà láti inú ọ̀rá. Ó wá kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó mú igi ìdínà dání. "Comot that wood," ó ní. "Book dey pass."

A kọjá. Ìgbà tí a délé ni mo tó rí i pé fìlà ṣì wà lórí mi. Mi ò ní parọ́ pé ìgboyà ni. Mo gbàgbé láti yọ ọ́ ni.